Ìyípo Kẹta: Òru Àkọ́kọ́ Mi Nínú Eré Ìje Onídènà

Nígbà tí agogo márùn-ún ìdájí ku ìṣẹ́jú méje, nínú àgọ́ kékeré kan lórí pápá àgùntàn ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àbúrò mi ọkùnrin ní kí n ki oríkì orílẹ̀ wa fún òun. Mo ti mọ oríkì náà láti kékeré, nítorí pé òun ni ìyá bàbá wa ní Ìṣẹ́yìn fi ń dá wa lóhùn ní gbogbo òwúrọ̀ tí a bá kúnlẹ̀ kí i. Mo ki ìlà kìn-ín-ní, mo ki ìkejì, mo sì dákẹ́. Kì í ṣe pé mo ń wá ìlà kẹta tí n kò rí i. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé n kò mọ̀ rárá pé ìlà kankan ṣẹ́ kù. Ó dá mi lójú pé mo ti kì í tán. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ni àwa méjèèjì ti fẹnu kò lórí ìdánwò yìí, láti fi mọ̀ bóyá òtútù ti ń da orí mi rú, ìdánwò náà ni kò sì jẹ́ kí n tún padà sínú omi pẹ̀lú ara tí ó ti tutù ju bí ó ṣe yẹ lọ. Mo ń kọ bí ọ̀rọ̀ náà ṣe lọ sílẹ̀ ní kíkún, nítorí pé nínú gbogbo ohun tí mo kà kí n tó lọ sí eré ìje onídènà yìí, níbi tí ènìyàn ti ń sáré la ògiri, ẹrẹ̀ àti omi kọjá, ògiri gíga àti okùn gígùn ni wọ́n ń sọ ṣáá, bẹ́ẹ̀ ni kò sí èyí tí ó ṣe mí ní ọṣẹ́ nínú wọn.

Ẹni ọdún 39 ni mí. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà kan ní Wolverhampton ni mo ti ń ṣiṣẹ́, iṣẹ́ òru sì ni mo ń ṣe níbẹ̀ láti ọdún mẹ́fà sẹ́yìn. Perton, tí eré ìje onídènà ti gbilẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, kò jìnnà sí ilé mi. Níbẹ̀ ni Billy Wilson, ọmọ ogun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan rí, tí àwọn ènìyàn ń pè ní Mr Mouse, ti dá eré tí wọ́n ń pè ní Tough Guy sílẹ̀ ní 1987 lórí oko rẹ̀. Oṣù kìn-ín-ní, tí òtútù ń mú jù, ni ó máa ń ṣe é nígbà náà, òtútù náà gan-an sì ni ó fi ṣe olórí ìdènà. Ní 2010 ni irú eré yìí mìíràn, tí wọ́n ń pè ní Tough Mudder, bẹ̀rẹ̀ ní Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, nígbà tí ó sì di 2011, wọ́n gbé èyí tí ó gba wákàtí 24 kalẹ̀ ní New Jersey ní ìgbà òtútù, níbi tí òtútù ti lé ọ̀pọ̀ àwọn tí ó wá kúrò kí ilẹ̀ tó mọ́. Junyong Pak ni ó gbégbá orókè lọ́dún náà, ó sì tún gbà á ní 2012, nígbà tí obìnrin amòfin kan, Amelia Boone, ṣe ipò kejì nínú gbogbo wọn, tọkùnrin tobìnrin. Ìtàn obìnrin yìí ni ó mú mi forúkọ sílẹ̀. Mo wò ó pé bí amòfin tí ń jókòó sí ọ́fíìsì látàárọ̀ bá lè ṣe é, èmi tí mo ń gbé àgbàlagbà dìde lórí bẹ́ẹ̀dì ní gbogbo òru kò gbọdọ̀ bẹ̀rù.

Eré tí mo lọ kò tó ti wọn. Wákàtí mẹ́jọ ni, láti agogo méjìlá òru títí di agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, ní òpin oṣù karùn-ún. Ìyípo kan jẹ́ máìlì márùn-ún, ìyẹn kìlómítà mẹ́jọ, iye ìyípo tí ènìyàn bá sì rí ṣe kí àkókò tó tó ni wọn yóò kà fún un. Wọn kì í ṣí àwọn ìdènà títí di agogo kan, kí àwọn ènìyàn lè tú ká lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò bá lè la ìdènà kan kọjá yóò gba ọ̀nà àfikún tí wọ́n ti fi okùn pààlà rẹ̀, kí ó tó padà sójú ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé lẹ́yìn agogo méje kò lè bẹ̀rẹ̀ ìyípo mìíràn mọ́. Tọ́ọ̀ṣì ní iwájú orí àti iná pupa kékeré ní ẹ̀yìn jẹ́ dandan fún gbogbo wa. Olúkúlùkù ni ó ní àyè láti pa àgọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ibi ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì fi olùrànlọ́wọ́ kan síbẹ̀. Olùrànlọ́wọ́ tèmi ni àbúrò mi, tí ó wakọ̀ wá láti Leeds lẹ́yìn ibi iṣẹ́ rẹ̀ láìsùn.

Oṣù márùn-ún ni mo fi múra sílẹ̀, ìmúra náà kò sì kéré. Mo ń sáré lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Mo ń lọ sí pápá ìṣeré àwọn ọmọdé ní kùtùkùtù, kí àwọn ọmọ tó jí, láti so rọ̀ mọ́ àwọn irin tí wọ́n fi ń ṣeré, títí mo fi lè fi ọwọ́ lọ láti ọ̀kan sí èkejì ní ìgbà méjìlá láìbọ́. Mo kọ́ bí a ṣe ń lúwẹ̀ẹ́, nítorí pé n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo sáré pẹ̀lú aṣọ tútù lára, bẹ́ẹ̀ ni n kò sáré lóru rí. Ìdí tí n kò fi sáré lóru ni pé mo gbà pé òru ti mọ́ mi lára. Mo rò pé ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́fà ṣiṣẹ́ òru ti kúrò lábẹ́ agbára oorun, n kò sì ro ó kọjá ibẹ̀.

Mo ti wá mọ̀ pé àṣìṣe ni. Ara ènìyàn ní aago tirẹ̀ nínú, tí ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ń tún tò lójoojúmọ́, aago náà sì ni ó máa ń fa ooru ara wá sílẹ̀ lóru títí yóò fi kéré jù lọ ní nǹkan bí agogo mẹ́rin sí márùn-ún ìdájí. Púpọ̀ nínú àwa tí a ń ṣiṣẹ́ òru ni aago yìí kì í yí padà fún, nítorí pé oòrùn ń tàn sí wa lójú bí a ti ń lọ sílé, àti pé lọ́jọ́ ìsinmi a tún ń sùn lóru bí gbogbo ayé. Nínú ilé ìtọ́jú tí ó móoru, ohun tí mo mọ ìdínkù náà sí ni àárẹ̀ kékeré tí ife tíì kan lè lé lọ. N kò rò ó rí pé wákàtí kan náà ni ojú ọjọ́ pẹ̀lú máa ń tutù jù, ní gẹ́rẹ́ tí oòrùn bá fẹ́ yọ. Àwọn méjèèjì ni wọ́n pàdé mi nínú omi lọ́jọ́ náà.

Ìyípo kìn-ín-ní kò ní wàhálà. Mo ṣe é ní wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ara mi yá gágá, aṣọ mi sì gbẹ. Ohun tí ó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú rẹ̀ ni ìgbà tí mo dé orí òkè kìn-ín-ní, tí mo bojú wo iwájú, tí mo rí àwọn iná pupa tí wọ́n tò gọ́ọ́rọ́gọ́ gun òkè kejì, láìsí ènìyàn kankan tí a lè rí lábẹ́ wọn. Kò sí ẹni tí ó ń sọ̀rọ̀. Ìró bàtà lórí koríko nìkan ni à ń gbọ́.

Nígbà ìyípo kejì ni mo tó mọ ohun tí òkùnkùn ń ṣe fún ẹsẹ̀. Ìkùukùu ti sọ̀ sí àárín àwọn òkè, ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì mi sì ń padà sí mi lójú bí aṣọ funfun tí wọ́n ta síwájú mi. Níbi tí kò sí ìkùukùu pàápàá, ilẹ̀ dàbí ẹni pé ó tẹ́jú, mo sì ń já sínú kòtò tí n kò rí. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tí ó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni ó ṣàlàyé fún mi pé ibi tí ojú wà náà ni tọ́ọ̀ṣì iwájú orí wà, nítorí náà ẹ̀yìn òkúta gan-an ni òjìji òkúta máa ń bọ́ sí, níbi tí ojú kò ti lè rí i, bẹ́ẹ̀ òjìji yẹn ni ojú fi ń mọ ohun tí ó ga àti ohun tí ó jìn. Òun fi tọ́ọ̀ṣì kejì so mọ́ ìgbànú. N kò ní ìkejì. Mo bọ́ tèmi kúrò lórí, mo gbé e lọ́wọ́ ní ìsàlẹ̀ bí ẹni gbé fìtílà, lójú ẹsẹ̀ ni gbogbo kòtò àti òkìtì ọ̀nà náà sì hàn. Lẹ́yìn èyí, orí nìkan ni mo ń dá a padà sí tí mo bá dé ibi ìdènà, tí ọwọ́ méjèèjì ti ní iṣẹ́ láti ṣe.

Àwọn ìdènà fúnra wọn kò yà mí lẹ́nu. Mo rá pálá nínú ẹrẹ̀ lábẹ́ wáyà ẹlẹ́gùn-ún, mo gun àwọ̀n okùn, mo gbé àpò iyanrìn lọ gbé e bọ̀. Níbi ògiri gíga, àwọn méjì tí n kò mọ̀ rí fi èjìká gbé mi sókè, èmi náà sì na ọwọ́ sí ẹlòmíràn láti òkè. Ibi àwọn irin tí wọ́n gbé dábùú orí omi, tí mo tìtorí rẹ̀ ń lọ pápá àwọn ọmọdé, ni mo ti já bọ́ nígbà ìyípo kejì, nítorí pé àwọn irin náà tutù, ẹrẹ̀ àwọn tí ó ṣáájú sì ti mú wọn yọ̀. Omi náà mù mí dé ọrùn. Mo jáde, mo gbọn ara, mo sì ń bá eré lọ. Agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni mo dé àgọ́.

Níhìn-ín ni mo ti ṣe ìpinnu tí ó fa gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e. Mo ní aṣọ rọ́bà tí àwọn olùlúwẹ̀ẹ́ máa ń wọ̀, àlòkù tí mo rà. Aṣọ yìí máa ń há omi díẹ̀ mọ́ ara, ara yóò sì mú omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ihò wínníwínní inú rọ́bà náà, tí afẹ́fẹ́ kún, kì í sì í jẹ́ kí ooru náà tètè sá lọ. Ètò wa ni pé kí n wọ̀ ọ́ ṣáájú ìyípo kẹta. Àbúrò mi ti nà án kalẹ̀ dè mí. Ṣùgbọ́n ara mi ṣì móoru láti inú eré tí mo ń sá bọ̀, ẹrẹ̀ ti bo ọwọ́ mi, bẹ́ẹ̀ wíwọ aṣọ náà lé ara tútù máa ń gba àkókò. Mo sọ fún un pé, “Má yọ ara rẹ lẹ́nu, ara mi le. Ó di ìyípo kẹrin.” Ó wò mí, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe bí a ṣe sọ ọ́ nìyẹn.” Mo ní kí ó jẹ́ kí n lọ. Ọ̀rọ̀ àgbà ni ó gbà lẹ́nu mi, kì í ṣe pé ó gbà á gbọ́. Síbẹ̀, ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógún ni mo lò nínú àgọ́ náà, mo jókòó, mo ń jẹ ànàmọ́ sísè, mo ń tún okùn bàtà so, omi sì ń jò lára mi. Àkókò yẹn ìbá tó aṣọ náà wọ̀.

Ohun mìíràn tún wà tí ó yẹ kí n sọ. Àwọn ẹbí mi ti da owó pọ̀ láti tẹ orúkọ mi sára àwọn ṣẹ́ẹ̀tì pélébé, bí ẹní dá aṣọ ẹbí fún ayẹyẹ, wọ́n sì fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi. Mo wọ̀ ọ́ sí abẹ́ gbogbo ohun tí mo wọ̀, kí wọ́n lè wà pẹ̀lú mi. Òwú ni. Òwú máa ń fa omi mu, kì í tètè gbẹ, ó sì ń lẹ̀ mọ́ awọ ara pẹ̀lú òtútù rẹ̀. Mo mọ èyí, nítorí mo ti kà á lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìfẹ́ wọn ni kò jẹ́ kí n bọ́ ọ sílẹ̀, n kò sì kábàámọ̀ ìfẹ́ náà. Àbùkù tèmi ni pé n kò wọ̀ ọ́ sókè aṣọ yòókù.

Nígbà ìyípo kẹta, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo wọ omi. Omi ń gba ooru lára ènìyàn ní ìlọ́po bí 25 ju bí afẹ́fẹ́ tí ó tutù bákan náà ṣe ń gbà á, atẹ́gùn orí òkè sì ń parí iṣẹ́ náà ní gbogbo ìgbà tí mo bá jáde. Lẹ́yìn omi kejì, ara mi ń gbọ̀n rìrì, eyín mi ń lu ara wọn. Kì í ṣe irú òtútù ọyẹ́ ni, tí ènìyàn yóò fi ìbora wé orí títí oòrùn yóò fi yọ. Lẹ́yìn omi kẹta, n kò lè ti bọ́tìnì tọ́ọ̀ṣì, nítorí pé àwọn ìka mi kò gbọ́ràn mọ́. Lẹ́yìn ìkẹrin, gbígbọ̀n náà dín kù, inú mi sì dùn. Ibi tí ó burú jù nínú gbogbo òru náà nìyí, n kò sì mọ̀. Mo rò pé ara mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ́ òtútù lára, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò gbọ̀n mọ́ nínú òtútù, tí kò sì tíì rí ooru kankan, ara rẹ̀ ti ń rẹ̀ ẹ́ láti jà ni. Obìnrin kan tí ó yọ̀ǹda ara rẹ̀ láti dúró sí etí omi bi mí pé ṣé àlàáfíà ni, mo rẹ́rìn-ín sí i, mo gbé àtàǹpàkò sókè. Mo rántí pé ọ̀run ti ń pọ́n lápá ìlà oòrùn. N kò rántí bí mo ṣe rin nǹkan bí ààbọ̀ máìlì tí ó kẹ́yìn.

Àbúrò mi sọ fún mi lẹ́yìn náà pé mo ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bọ̀, pé mo kọjá àgọ́ wa lọ sí tẹlòmíràn, òun sì lọ fà mí lọ́wọ́ padà. Ó ní ohùn mi ń wúwo, ọ̀rọ̀ mi ń lọ́ mọ́ ara wọn. Nígbà náà ni ó ní kí n ki oríkì.

“Mo ti kì í tán,” ni mo wí.

“Ẹ ò tíì kì í tán o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó.”

Mo bínú sí i. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ padà jáde kí àkókò má baà lọ, mo sì nawọ́ sí tọ́ọ̀ṣì mi tí ó wà lórí mi níbẹ̀. Kò bá mi jiyàn. Ó fi ara dí ẹnu àgọ́, ó fọn fèrè tí wọ́n fún gbogbo olùrànlọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ aṣọ tútù lára mi bí ẹni ń tọ́jú ọmọdé. Ó nù mí gbẹ, ó fi ìbora àti àpò ìsùn wé mi, ó dé fìlà irun àgùntàn fún mi, kò sì fi ọwọ́ ra apá àti ẹsẹ̀ mi, nítorí a ti kà á pé kò yẹ kí a máa ra ara ẹni tí òtútù mú báyìí, pé àyà àti ikùn ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mú móoru. Òṣìṣẹ́ ìlera tí ó dé wọn ooru ara mi, ó bá a ní 35.1°C. Bí ó bá ti lọ sílẹ̀ ju 35°C lọ, ohun tí dókítà máa ń kà sí ewu gidi ti wọlé nìyẹn. Ó bi mí bóyá mo lè gbé nǹkan mì dáadáa. Nígbà tí ó rí i pé mo lè ṣe é, ó ní kí wọ́n fún mi ní ohun gbígbóná tí ó dùn.

Ọ̀gì ni. Àbúrò mi ti po ó ní Leeds, ó fi ṣúgà àti mílíìkì sí i, ó sì rọ ọ́ sínú fúláàsì ńlá méjì. Nígbà tí à ń ṣètò, mo rò pé oúnjẹ àárọ̀ ni a ó fi ṣe lẹ́yìn eré. Ní wákàtí yẹn, n kò mọ ohun mìíràn tí ìbá bá mi lára mu jù ú lọ: ó gbóná, ó dùn, ó rọra lọ lọ́nà ọ̀fun, agbára sì wà nínú rẹ̀ fún ara tí kò ní nǹkan tí yóò fi dáná mọ́. Lẹ́yìn ife kejì ni ara mi tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, tagbáratagbára, òṣìṣẹ́ ìlera náà sì sọ pé ohun tí òun ń retí nìyẹn.

Ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 lẹ́yìn tí mo wọlé, ooru ara mi ti di 36.3°C. Àbúrò mi bèèrè oríkì lẹ́ẹ̀kejì, mo sì kì í láti òkè dé ilẹ̀, tí mo fi dé ibi tí ìyá àgbà ti máa ń fi ọwọ́ gbá wa lẹ́yìn. Mo ní mo fẹ́ jáde fún ìyípo kẹrin. Òṣìṣẹ́ ìlera náà gbà, ṣùgbọ́n ó ní aṣọ rọ́bà gbọ́dọ̀ wà lára mi, n kò gbọ́dọ̀ wọ omi kankan, n kò sì gbọ́dọ̀ dá lọ. Ọkùnrin kan tí ọrùn ẹsẹ̀ ń dùn ni mo bá rìn. A gba gbogbo ọ̀nà àfikún tí ó wà, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀nà wa gùn ju ti àwọn tí ó wọ omi lọ. Oòrùn ti yọ, ìkùukùu ti ká, mo sì rí gbogbo kòtò tí mo já sí lóru, bí wọ́n ṣe kéré tó. Agogo mẹ́jọ ku ìṣẹ́jú mẹ́rìnlélógún ni a wọlé. Máìlì 20 ni wọ́n kọ sí orúkọ mi.

Títí di òní, àbúrò mi kò gbà pé ó tọ́ bí mo ṣe padà jáde. Ó ní ẹni tí kò mọ̀ pé oríkì òun kò tíì parí kò ní ẹ̀tọ́ láti ṣèpinnu fún ara rẹ̀ ní òwúrọ̀ kan náà, àti pé ọ̀dọ̀ òun ni ó yẹ kí ìpinnu náà wà. Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà púpọ̀. Mo mọ̀ pé ooru ara mi ti padà, pé orí mi ti pé, pé ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ìlera ni ó yọ̀ǹda mi. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé bí ó bá jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbàlagbà tí mo ń tọ́jú ni ó wà ní irú ipò yẹn, n kò ní jẹ́ kí ó jáde. Fún eré tí ń bọ̀, a ti yí ètò padà: bí n kò bá yege nínú ìdánwò náà lẹ́ẹ̀kan, òun ni yóò sọ bóyá eré parí, n kò sì gbọ́dọ̀ fi ẹ̀gbọ́n gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Aṣọ rọ́bà yóò wà lára mi ṣáájú omi kìn-ín-ní. Tọ́ọ̀ṣì kejì yóò wà ní ìgbànú mi. N kò ní jókòó nínú àgọ́ pẹ̀lú aṣọ tútù lára ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, àárín oṣù tí ń bọ̀ ni mo sì máa bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lóru pẹ̀lú aṣọ tí mo ti rì bọ omi, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ní àyíká ilé, kí n lè padà wọlé kíákíá.

Àwọn ìka mi wà ní kíkú fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, pàápàá àwọn méjì tí ó kẹ́yìn ní ọwọ́ ọ̀tún. Ní ibi iṣẹ́, ìyá àgbà kan tí mo máa ń bá de bọ́tìnì súwẹ́tà rẹ̀ ní alaalẹ́ rí i pé n kò lè dè é. Ó gba ọwọ́ mi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì bò ó, ó sì mú un dání bẹ́ẹ̀ títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́.